Àwọn Ọkọ̀ Ogun Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni àbúrò mi.

Kọ́kọ́rọ́ ló ń gé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin. Bí èèyàn méjì bá wọ ibẹ̀, ẹnì kẹta á dúró síta. Ẹ̀rọ tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́ wà lápá ọ̀tún, àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì ní eyín wà lára ògiri lápá òsì, àga kan wà láàárín. Eruku idẹ wà nínú irun rẹ̀, ó wà nínú etí rẹ̀, ó wà nínú tíì tó ń mu. Ó mọṣẹ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kọ́kọ́rọ́ tó bá gé kì í há sínú ilẹ̀kùn.

Ibi tó dáa nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ìyókù, ọkọ̀ ogun ni.

Kì í ṣe ọkọ̀ ogun gidi o. Ẹ̀rù omi ń bà á. Bí a bá wọ ọkọ̀ tó ń gbéni sọdá odò, á rọ̀ mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ọmọ ọwọ́ tó rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ ogun kéékèèké ni mò ń sọ, tí wọ́n fi òjé tàbí ike ṣe, tí àgbàlagbà méjì á tò sórí tábìlì, tí wọ́n á máa ju dáìsì, tí wọ́n á máa pariwo mọ́ra wọn pé, “Ọkọ̀ ẹ ti rì!” Ogun ojú omi àwọn ará Ṣáínà, ti Kòríà, ti Jàpáànù, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀. Kò dé ibẹ̀ rí. Kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Bí mo bá bi í pé kí ló kàn án, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò lè yé yín.”

Òótọ́ ni. Kò yé mi.

Ọ̀gágun ni wọ́n ń pè é ní ibùdókọ̀. Àwọn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ló fún un lórúkọ yẹn. Bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á gbọ́wọ́ síwájú orí bíi sójà. Òun náà á gbọ́wọ́ síwájú orí. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ẹnì kejì rẹ̀ nínú wèrè yìí ni Dẹ́rẹ́bà. Bọ́ọ̀sì èrò ló ń wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin gìrìpá ni, ọrùn rẹ̀ kì, ohùn rẹ̀ sì le débi pé bó bá ń rojọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó wà ní yàrá á rò pé ìjà ni. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló ń wá sílé àbúrò mi. Ilé mi kò jìnnà, èmi náà máa ń lọ. Mi ò lọ nítorí ogun. Tíì ìyàwó àbúrò mi ló ń gbé mi lọ, torí ó máa ń pò ó dáadáa.

Afọṣọ ni ìyàwó yìí. Ó ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn àti ti òtẹ́ẹ̀lì, ó sì mọ iye aṣọ tó wà nílé ara rẹ̀. Aṣọ ìbùsùn kan wà tó jẹ́ búlúù. Òun ni òkun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló máa ń sọ fún mi, “mo fẹ́ ọkùnrin kan, mo wá rí òkun fẹ́.”

“Ṣé o ti bá a sọ̀rọ̀?”

“Mo ti bá a sọ ọ́. Ó ní kí n má fi áyọ̀ọ̀nù kàn án, pé ìgbì wà nínú rẹ̀.”

Ìgbì. Aṣọ tó rún ló ń pè ní ìgbì.

Nígbà tó yá, ojú Dẹ́rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Kì í ṣe pé ó ń dùn ún. Ó kàn ń dín kù ni. Dókítà ojú sọ fún un pé ojú náà ń kú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín, pé oògùn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Ìṣojú mi ni Dẹ́rẹ́bà ti sọ ọ́ fún àbúrò mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé táyà bọ́ọ̀sì òun ti jò.

“Ọ̀gágun, ogun kan kù tí a ò tíì jà.”

“Èwo?”

“Ti ọ̀nà tóóró.”

Àbúrò mi gbé ife sílẹ̀. Ó ti ń sọ̀rọ̀ ogun yẹn láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì ń rò pé á jáwọ́. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Kòríà ní ọkọ̀ mẹ́tàlá péré, àwọn ará Jàpáànù ní ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀nà omi kan wà láàárín erékùṣù àti ilẹ̀, ó tóóró, omi rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn mẹ́tàlá dúró sẹ́nu ibẹ̀. Omi kọ́kọ́ dojú kọ wọ́n. Lẹ́yìn náà omi yí padà, ó dojú kọ àwọn yòókù, ọkọ̀ wọn ń kọlu ara wọn, àwọn mẹ́tàlá sì borí. Bí àbúrò mi ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó máa ń gba wákàtí kan. Mo ti sọ ọ́ tán báyìí.

“Èmi ni máa jẹ́ mẹ́tàlá yẹn,” Dẹ́rẹ́bà sọ. “Mo ti wa bọ́ọ̀sì láàárín èrò. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà.”

“A ò ní ọkọ̀ Kòríà kankan. Ti odò Ṣáínà la ní.”

“Wá a. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i. Kí n rí wọn lórí tábìlì, kí n nà ẹ́ níbẹ̀, kó tó di pé ohùn ẹ nìkan ni màá máa gbọ́.”

“Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, mo gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe—”

“Dókítà ò bá mi sọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀.”

Ìyàwó bu tíì sí i fún un.

Bí àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó ló ń wá nígbà yẹn, mo rò pé kò ní yára tó bẹ́ẹ̀.

Ó kọ́kọ́ mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ọmọdé. Mo sọ fún un pé kò sí níbẹ̀. Ó ní a ò lè mọ̀. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kí wa tẹ̀rín tẹ̀rín.

“Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ̀bùn ọmọ ni?”

“Ọkọ̀ ogun Kòríà ni mò ń wá,” àbúrò mi dá a lóhùn. “Tayé àtijọ́. Èyí tó ní àjà méjì, tí àwọn atukọ̀ wà nísàlẹ̀, tí àwọn jagunjagun wà lókè. Ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ.”

Ọmọbìnrin náà ronú. Ó wọlé, ó gbé ọkọ̀ rọ́bà kan jáde, yẹ́lò, ó ní ẹyinjú àti ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín.

“Ìdí èyí pẹlẹbẹ sà. Ó sì máa ń léfòó dáadáa nínú omi ìwẹ̀.”

“Mi ò fẹ́ èyí tó ń léfòó.”

“Ọkọ̀ tí kò ní léfòó?”

“Orí aṣọ ló máa wà.”

Ó wo èmi, mo wo ibòmíì.

“Ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ náà, sà?”

“Mọ́kànlélọ́gọ́ta,” ni mo sọ.

Àbúrò mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó wá a lórí fóònù. Àṣé ayé kún fún àwọn wèrè bíi tirẹ̀, wọ́n sì ń tajà fún ara wọn. Ẹnì kan ń ta ọkọ̀ Kòríà, ẹlòmíì ń ta ti Jàpáànù. Ó ka ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ sétí mi nínú ṣọ́ọ̀bù: “‘Ẹ jẹ́ kí ìgbì ìtàn gbé ọkàn yín lọ sí ayé àwọn akọni.’”

“Báwo ni ọkọ̀ náà ṣe gùn tó?” ni mo bi í.

Ó fi ìka ti ojú fóònù sókè, ó tì í sísàlẹ̀. “Kò sọ ọ́.”

“Ó sọ ìgbì, ó sọ ọkàn, ó sọ akọni. Kò sọ bó ṣe gùn tó.”

“Ẹ wo àwòrán rẹ̀ ná.”

Obìnrin kan ti ń dúró ní gbogbo ìgbà yìí. Ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn síta, ó gba kọ́kọ́rọ́ kan yá lọ́wọ́ onílé pé kí wọ́n gé irú rẹ̀. Ó gbé ẹja dídì lọ́wọ́ nínú ọ̀rá, omi ti ń kán láti inú rẹ̀. Àbúrò mi mú irin tó fi ń wọn eyín kọ́kọ́rọ́, ó gbé e sójú fóònù, ó ń wọn òpó ọkọ̀ inú àwòrán.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kọ́kọ́rọ́ mi nìyẹn?”

“Ó kù díẹ̀.”

“Ọkọ̀ ni mo rí lọ́wọ́ yín.”

“Ọkọ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ yín ló kàn.”

“Ẹja mi náà ló kàn,” obìnrin yẹn sọ, ó gba kọ́kọ́rọ́ onílé padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹni tí kì í gé kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ pé ó wọ̀n ọ́n láti orí dé ìdí, ó jókòó, ó ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò sọ bó ṣe gùn tó. Ó ra ti ẹnì kejì bákan náà. Nítorí àwòrán dára.

Ọkọ̀ Kòríà ló kọ́kọ́ dé. Ó tú u sórí tábìlì ní Sátidé kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó àtàǹpàkò. Wọ́n nípọn, wọ́n rí bí àpótí tí wọ́n gbé sórí àwo. Dẹ́rẹ́bà gbé ọ̀kan súnmọ́ imú rẹ̀, ó fi í sábẹ́ iná, ó yí orí síbí, ó yí orí sọ́hùn-ún.

“Mo rí i,” ló sọ. “Ó dáa. Mo rí i.”

Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ti Jàpáànù pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó ṣí páálí. Mo wo inú rẹ̀. Wọn ò tó èékánná. Bí ẹni kó kóró ọsàn síbẹ̀ ni.

“Wọ́n kéré,” ló sọ.

“Ìwọ lo sọ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáànù kéré ju ti Kòríà lọ.”

“Kì í ṣe báyìí. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni ti Kòríà yìí. Ẹgbẹ̀fà ni ti Jàpáànù.”

“Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin kí ni?”

Ó ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ń pè é ní ìwọ̀n. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ jẹ́ ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ìyẹn ni pé bí a bá to irú rẹ̀ ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin tẹ̀léra, wọ́n á gùn tó ọkọ̀ gidi kan. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀fà, ẹgbẹ̀fà lèèyàn máa tò. Àwọn tó ń ṣe eré yìí kì í fi ìwọ̀n méjì sórí tábìlì kan. Èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá ṣe é, wọn ò ní bá a jókòó mọ́. Mo bi í pé àwọn wo ni wọn ò ní bá a jókòó, nígbà tó jẹ́ pé Dẹ́rẹ́bà nìkan ló ń bá a jókòó.

“Tò wọ́n bẹ́ẹ̀,” ni mo sọ. “Ńlá dojú kọ kékeré. Ta ló máa wọ̀n ọ́n?”

“Èmi.”

“Dẹ́rẹ́bà ńkọ́?”

“Òun náà á rí i.”

“Kí ni Dẹ́rẹ́bà ń rí?”

Ó kó gbogbo rẹ̀, Kòríà àti Jàpáànù, sínú agolo bísíkíìtì, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó kó aṣọ tó ti lọ̀ lọ́wọ́.

“Bàbá wọn, ṣé ẹ ò ní lò wọ́n mọ́ ni?”

“Wọn ò bára mu.”

“Àwa náà ò bára mu, a sì ń lo ara wa.”

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan.

Àbúrò mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀. Ó rí ọkùnrin kan níkẹyìn, nílùú òkèèrè, tó ní ẹ̀rọ kan tó ń tẹ nǹkan jáde bí ẹni ń tẹ̀wé, àmọ́ ọkọ̀ ló ń jáde níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò sọ ìgbì. Ohun tó kọ ni pé: “Ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún kan ni gbogbo wọn. Kòríà wà, Jàpáànù wà. Ó máa pẹ́.” Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni mo bọ̀wọ̀ fún.

Ó pẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n dé, ìwọ̀n wọn bára mu, ara wọn rí bí eérú. Àbúrò mi ní kò lè fi wọ́n jagun bẹ́ẹ̀. Ó ní Dẹ́rẹ́bà fẹ́ rí nǹkan, nítorí náà kí nǹkan náà yẹ ní rírí. Ó ra ọ̀dà, ó ra búrọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ pé irun orí rẹ̀ ṣeé kà. Ó gbé awò ńlá tó fi ń wo ojú kọ́kọ́rọ́ wálé láti ṣọ́ọ̀bù. Ó ń kun pátákó, ó ń kun àsíá, ó ń kun àjẹ̀. Àjẹ̀ kan ò gùn tó irun imú. Ó ń kun ẹ̀gbẹ́ kan, á dúró kó gbẹ, á wá kun ẹ̀gbẹ́ kejì.

Dẹ́rẹ́bà ń wá ní Sátidé.

“Ọ̀gágun, ṣé ó ti tán?”

“Ó ku àsíá.”

Sátidé mìíràn, ó ku àjẹ̀. Sátidé mìíràn, ó ti tún àsíá kùn, torí pupa rẹ̀ pọ̀ jù.

Ní ọ̀kan nínú àwọn Sátidé yẹn, Dẹ́rẹ́bà wọlé, kóòtù mi wà lára ìṣó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó tẹrí ba fún kóòtù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán.”

“Káàsán,” mo dá a lóhùn láti orí àga.

Ó yíjú sí ibi tí ohùn ti wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kóòtù yẹn sanra jù mí lọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ń bu tíì, ó rọra ti ife sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó lè bá a. Àbúrò mi kò rí nǹkan kan. Ojú rẹ̀ wà nínú awò, àjẹ̀ ló ń kùn.

Nígbà tí Dẹ́rẹ́bà lọ, mo bá àbúrò mi sọ ọ́.

“Gbé agolo yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

“Ẹ̀gbọ́n, ó ku díẹ̀. Ẹ wo èyí ná.”

“Mi ò fẹ́ wo nǹkan kan. Gbé agolo jáde.”

“Kọ́kọ́rọ́ tó bá fi díẹ̀ ṣì, ṣé ó ń ṣílẹ̀kùn?”

“Ilẹ̀kùn wo lò ń ṣí?”

Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Mo gbé kóòtù mi, mo lọ.

Ó kùn wọ́n tán níkẹyìn. Mi ò ní purọ́, wọ́n rẹwà. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, ó tẹ́ òkun sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi ìwé ńlá ṣe èbúté níbí, ó fi ìwé ńlá ṣe èbúté lọ́hùn-ún, ọ̀nà tóóró wà láàárín wọn. Ó to mẹ́tàlá sápá ọ̀tún, sẹ́nu ọ̀nà. Ó to àwọn yòókù sẹ́yìn, ọ̀kan dúró fún mẹ́ta, torí bó bá ní kóun kun ọgọ́rùn-ún, Dẹ́rẹ́bà á ti kú pẹ̀lú ojú rẹ̀. Ìyẹn, èmi ni mo sọ ọ́. Ó ní kí n má sọ ọ́ mọ́.

Dẹ́rẹ́bà dé. Ó fọwọ́ tọ ògiri títí ó fi bá àga. Ó ti fá irùngbọ̀n. Ó wọ ẹ̀wù tó ní kọ́là.

“Ṣé o ti tò ó?”

“Mo ti tò ó.”

Dẹ́rẹ́bà tẹ̀ síwájú lórí àga. Ó na ìka.

“Á à! Ọ̀gágun, o káre. Wo bó o ṣe kùn wọ́n. Mẹ́tàlá mi nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà.”

Apá òsì ni ìka rẹ̀ dojú kọ. Ní apá òsì, ife tíì méjì àti àwo ṣúgà ló wà níbẹ̀.

Ìyàwó, tó ń bọ̀ láti ilé ìdáná, dúró síbi tó wà.

“Dẹ́rẹ́bà,” àbúrò mi pè é, “láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà wo ni kí ni?”

“Dẹ́rẹ́bà.”

Dẹ́rẹ́bà ká ìka rẹ̀ padà. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

“Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Mo ṣì ń rí fèrèsé. Mo mọ̀ pé aṣọ wà lórí tábìlì, àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń wọlé sí mi lójú díẹ̀. Ìyókù ti lọ.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“O ń kun ọkọ̀.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá dáa kó fi ìbínú sọ ọ́. Ojú àbúrò mi rí bí ojú ẹni tó ṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ oníbàárà mọ́ inú ilẹ̀kùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti gbé búrọ́ọ̀ṣì, mi ò rí nǹkan tí mo fẹ́ fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

Dẹ́rẹ́bà ló tún sọ̀rọ̀. “Ṣé nítorí ìyẹn la ò ní jà ni? Mú ọ̀kan fún mi.”

Àbúrò mi fi ọ̀kan sí i lọ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò. Àtàǹpàkò rẹ̀ tóbi ju gbogbo ọkọ̀ náà lọ.

“Ta ló ni èyí?”

“Ìwọ ni.”

“Mú tìẹ wá.” Ó yẹ ìyẹn náà wò. “Ọ̀kan náà ni wọ́n. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Ìwọ ni wàá máa sọ ọ́ fún mi?”

“Màá máa sọ ọ́.”

“Wàá rẹ́ mi jẹ.”

“Mi ò ní rẹ́ ẹ jẹ.”

“Wàá rẹ́ mi jẹ. Mo mọ̀ ẹ́. O rẹ́ mi jẹ nígbà tí mo ṣì ń ríran.”

Nǹkan kan dún lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Àjẹ̀ kán. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Àjẹ̀ tí ẹnì kan fi ọ̀sẹ̀ kan kùn. Àbúrò mi gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

Èmi wo òrùlé.

Ó dìde, ó wọ yàrá. A gbọ́ bó ṣe kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún. A gbọ́ bí agolo ṣe ń ha ilẹ̀. Ó gbé e jáde, eruku ti bò ó. Ó kó gbogbo ọkọ̀ rírẹwà yẹn kúrò lójú òkun, ó kó wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì da agolo sórí aṣọ.

Dẹ́rẹ́bà nawọ́. Ó bá ọ̀kan tó nípọn, tó tó àtàǹpàkò, tí òkè rẹ̀ rí bí àpótí.

“Tèmi nìyí.” Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó bá àwọn tó rí bí kóró ọsàn. “Àwọn kòkòrò wo nìyí?”

“Èmi ni mo ni ìyẹn.”

“Ìwọ lo ni kòkòrò?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ohùn yẹn kún ilé. “Ọ̀gágun kòkòrò! Kí ló dé tó ò tètè kó èyí jáde?”

“Ìwọ̀n wọn ò bára mu,” àbúrò mi sọ. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé kò wúlò mọ́.

“Ìwọ̀n bàbá ẹ ni kò bára mu. Jókòó jàre.”

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti yanjú. Omi ló kù. Wọ́n máa ń fi òwú funfun ṣe àmì ibi tí omi ń sáré sí, ojú ló ń rí ìyẹn, ọwọ́ kì í mọ̀ ọ́n lára aṣọ. Ìyàwó ní kí wọ́n lo ìrẹsì. Àbúrò mi ní ìrẹsì ń yí kiri. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ike iyọ̀ jáde.

“Bàbá wọn, gbogbo iyọ̀ tó wà nílé nìyẹn o.”

Kò gbọ́. Ó ń da iyọ̀ sórí òkun. Ó là á sí ìlà gígùn, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, gbogbo wọn dà gẹ̀rẹ̀ sí ibi tí omi ń lọ. Dẹ́rẹ́bà fi ìka tọ ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tọ́ ìka lá.

“Òkun ni lóòótọ́,” ló sọ.

Wọ́n jà. Dẹ́rẹ́bà ń fi ọwọ́ òsì ka àwọn mẹ́tàlá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún wá kòkòrò. Bó bá ju dáìsì, á fi àtàǹpàkò tẹ ojú rẹ̀, á ka ihò tó wà níbẹ̀, á pè é sókè, á wá na dáìsì sí mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, mi ò gbọ́kàn lé ọ̀gbẹ́ni yìí.” Èmi tí mo ti ń bú wọn láti ọdún gbọọrọ, èmi ni mo wá di adájọ́. Nígbà tí àkókò tó kí omi yí padà, àbúrò mi gbá iyọ̀ jọ, ó tún un là sí òdìkejì. Dẹ́rẹ́bà tọ ọ́. Ó mọ ibi tó kọjú sí.

“Ó ti yí?”

“Ó ti yí.”

“O kú.”

Ó sì kú. Ọ̀nà tóóró yẹn kún fún kòkòrò tó ń kọlu ara wọn, àwọn àpótí mẹ́tàlá dúró sẹ́nu ọ̀nà bíi bọ́ọ̀sì tó kọ̀ láti kúrò. Àbúrò mi kò fi ogun náà sílẹ̀ fún un. Bó bá jẹ́ pé ó fi í sílẹ̀ ni, ǹ bá ti mọ̀, torí kò mọ irọ́ pa. Ó gbógun gidi, ó pàdánù, inú sì bí i débi pé ó ní dáìsì kan wọ́, ó fi awò ojú kọ́kọ́rọ́ wò ó. Kò wọ́.

“Sátidé tó ń bọ̀,” ló sọ.

“Sátidé tó ń bọ̀,” Dẹ́rẹ́bà dá a lóhùn. “Kó kòkòrò púpọ̀ wá.”

Ìyàwó ló mú un dé ibi tó ti máa wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn ọkọ̀ rírẹwà ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù títí dòní. Ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n bára mu, wọ́n dúró síbẹ̀, eruku ń bò wọ́n.

Nígbà tí ìyàwó padà, ó wo òkun rẹ̀, ó wo ike iyọ̀. Ó se ẹyin.

Ẹyin sísè méjì àti búrẹ́dì ni àbúrò mi jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sí iyọ̀.